Ẹni tó mú un lẹ́rú ló wá fẹ́: ta ló jàre nínú àwọn tó ka ìwé yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àwa kan máa ń kóra jọ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, láti ka ìwé Yorùbá pọ̀. Ìtàn ìfẹ́ kan tó wáyé nígbà ogun Òṣogbo la kà kẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti kà á. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan láti Ìlọrin mú ọmọ aláró kan lẹ́rú lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n jọ gbé ní ibùdó ogun, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí Ìbàdàn tú ibùdó náà ká, ọwọ́ tẹ ọkùnrin yìí. Ọmọbìnrin náà ló san owó tí wọ́n fi tú u sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ra wọn. Díẹ̀ ló kù kí ìjókòó wa dà rú lórí ìwé yìí. Olùkọ́ kan ní òun sunkún, pé òun kò ka irú rẹ̀ rí. Bàbá kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní èébú ni fún ìlú kí ará Ìlọrin jẹ́ akọni nínú ìtàn ogun wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà ní yunifásítì ní ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n da aṣọ àdìrẹ bò. Ẹnì kan ní ogun inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹlòmíràn ní Yorùbá àtijọ́ kì í ṣe ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, pé òyìnbó ni òǹkọ̀wé ń sín jẹ. Èmi ni mo máa darí ìjókòó tó ń bọ̀. Ta ni kí n gbè lẹ́yìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìwé náà, ìyá tó kọ ọ́ kò jìnnà sí wa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú ìfaradà. Ìwé tí òǹkàwé márùn-ún bá kà tí wọn kò jà lé lórí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á parí nínú wọn. Mo ti gbọ́ ti orúkọ, n kò ní dá a.

Ibi tí mo dúró rèé, kí ẹ má baà máa fojú wá a kiri. Ọmọ yunifásítì yẹn ló fọwọ́ kan egbò ìwé náà. Olùkọ́ tó sunkún kò sì ṣìnà, nítorí pé ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́mọbìnrin ń bá wí, ìdajì kejì ni olùkọ́ ń sunkún sí. Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá ní ẹjọ́ kan tí wọ́n lè rò tí wọn kò tíì rò.

Ẹ jẹ́ ká yára bá ẹni tó ní ogun kò pọ̀ parí tirẹ̀. Ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, ìdótì ni. Ìlọrin dó ti ìlú, Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn kó ogun wá lábẹ́ Balógun Odérìnlọ́, wọ́n sì yọ sí ibùdó Ìlọrin lóru, wọ́n tú u ká. Ìjà tó parí ọ̀rọ̀ kò ju òru ọjọ́ kan lọ. Ohun tó ń pẹ́ nínú ìdótì ni ìdúró: ta ni yóò lọ gé koríko fún ẹṣin, oúnjẹ ta ni yóò kọ́kọ́ tán, ta ni yóò yọ́ gba ẹnubodè jáde lọ já ewé aró nígbà tí aró inú ìkòkò bá ti ń ṣá. Ewé aró yẹn ni ọmọbìnrin inú ìwé wa lọ já tí wọ́n fi mú un. Òǹkọ̀wé fún ìdúró ní ojú ìwé tó pọ̀, ó fún ìjà ní díẹ̀, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ìbọn àti idà láti orí dé ìdí, ìwé mìíràn wà nílẹ̀ fún un.

Ó yé mi ìdí tí inú fi ń bí Bàbá. Ibi tí wọ́n ti dá Ìlọrin dúró tí kò fi lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni Òṣogbo, ohun àmúyangàn ni, ta ló fẹ́ rí i kí ọ̀tá ìgbà náà wá di arẹwà inú ìtàn? Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bi Bàbá pé ta ni à ń pè ní ará Ìlọrin ní 1840. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní kan, mọ́ra sí Ìlọrin láti bá Ọ̀yọ́ fà á. Àfọ̀njá kú sínú ọ̀rọ̀ náà, ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, síbẹ̀ àwọn tó ń jagun fún Ìlọrin lẹ́yìn ìgbà náà kún fún ọmọ Yorùbá. Nínú àwọn balógun mẹ́rin tí Ìlọrin ní títí dòní, ti àwọn Yorùbá ni Àjíkòbí àti Alánamú. Ẹ wá wo inú odi. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín àwọn ọdún 1830, ọ̀pọ̀ àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú tó yí i ká ló wọ Òṣogbo. Ọmọ ìyá méjì lè wà ní ìhà méjì odi kan náà, kí oríkì orílẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan.

Ìyá tó kọ ìwé yìí mọ ìyẹn dáadáa. Ẹ lọ tún ibi tí ọmọbìnrin náà ti ń ki ara rẹ̀ ní oríkì lóru kà, nígbà tó rò pé gbogbo ibùdó ti sùn. Ó dánu dúró, ọkùnrin náà sì bá a kì í lọ láti inú òkùnkùn, nítorí pé ìyá tirẹ̀ náà ni wọ́n ń fi í kì. Ẹ̀rù ló ba obìnrin yẹn, kò dùn mọ́ ọn. Ẹni tó mú un lẹ́rú mọ ilé bàbá rẹ̀! Nínú gbogbo ìdajì àkọ́kọ́, n kò rí ojú ìwé tó tó ìyẹn.

Ẹjọ́ tí ó yẹ kí Bàbá rò ni pé Ọ̀ṣun kò sí nínú ìwé náà. Ọmọ aláró, ní Òṣogbo, nígbà ogun, kí a má rí ẹnikẹ́ni kó dárúkọ Ọ̀ṣun! Nínú ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú yìí dó, ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni igi tí àwọn ọdẹ gé wó lé, tó fọ́. Nínú ìtàn ẹnu nípa ogun yìí kan náà, wọ́n ní Ọ̀ṣun pa ara dà di olóúnjẹ, ó lọ ta oúnjẹ tó ní májèlé fún àwọn ọmọ ogun tó dó ti ìlú. Òǹkọ̀wé lè má gbà á gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà yóò gbà á gbọ́. Ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lẹ́yìn odi, odò ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Nínú ìwé náà, ó jókòó sílé, ó ń sunkún. Ẹ̀rù ló ba òǹkọ̀wé, mo rò bẹ́ẹ̀, pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí kò ní ra ìwé. Ìlú wá di ibi tí kò lóhùn, ará Ìlọrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń dun Bàbá tó fi ń pariwo lórí ibi tí akọni ti wá.

Ní ti ẹni tó ní Yorùbá àtijọ́ kì í ṣe ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé kí wá ni ẹkún ìyàwó wà fún. Kí ni alárinà ń sáré kiri fún bí àwọn òbí nìkan ló ń yan ọkọ? A máa ń sọ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá mọ ojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí kò kan ẹbí. Ìtàn Ṣàngó, Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà, ìtàn ìfẹ́ àti owú ni, ó kàn jẹ́ pé kì í parí dáadáa fún gbogbo wọn. Àrokò tún ń bẹ: ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, bí mẹ́jọ bá padà wá, ọ̀rọ̀ ti jọ. Ìwé náà lo àrokò yìí, ó sì lò ó dáadáa, nítorí pé ẹrúbìnrin kò ní ẹyọ owó tirẹ̀: ó ní láti yọ ọ́ lára ohun ọ̀ṣọ́ orí ẹṣin ọkùnrin náà kó tó lè fèsì.

Ibi tí ẹni yìí ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni ìfẹnukonu lábẹ́ òṣùpá, àti "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" tí ọkùnrin yẹn ń sọ ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa kà á lórí. Inú fídíò ni èyí ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ìgbà náà ṣe ń fi ìfẹ́ hàn kó wo ibi tó ti ń pe obìnrin ní oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ní gbangba, lójú àwọn jagunjagun ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló lágbára.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn, èyí tí ìjókòó yín kò gbọdọ̀ sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa fi dá a lóhùn ni pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ìgbà náà ṣe rí. Òótọ́ ni. Ní gbogbo ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun a máa sọ obìnrin tí wọ́n bá mú di ìyàwó, ọmọ tó bá sì bí fún wọn, ọmọ ilé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí ní ìyá ńlá kan tó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ ilé, a kì í kàn ń sọ ọ́ síta ni. Ṣùgbọ́n pé ohun kan ṣẹlẹ̀ kò sọ pé ìfẹ́ ni. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àwọn tó pa òwe yẹn kò nílò yunifásítì kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń rí.

Àwọn tó ń ka ìwé ìfẹ́ fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1984, onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Janice Radway, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin ìlú kan tí ìwé ìfẹ́ kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa fi irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ohunkóhun ni wọ́n ń gbé mì. Ohun tó bá lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀: wọ́n le ju alárìíwísí lọ. Ìwé tí ọkùnrin inú rẹ̀ bá ń fipá bá obìnrin lò, tàbí tó bá parí sí ìbànújẹ́, wọn kò ní kà á mọ́ ìwé ìfẹ́ tó dára. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin yín pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé yìí. Ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ àti ọdún lọ. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni wọ́n pa ní 1874. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀ wálé. Ẹ̀sùn òṣèlú ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sí Ọjà Ọba kí ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ta ni Ẹfúnṣetán: obìnrin ìkà tó ní kí wọ́n bẹ́ orí ẹrúbìnrin tó lóyún ni wọn yóò sọ fún yín, nítorí pé eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, ló wà lọ́kàn wọn. Eré náà dùn, n kò bá a jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtàn àròsọ tó bá dùn a máa gba ipò lọ́wọ́ ìtàn gan-an. Bí ìwé yín bá mú kí ìgbèkùn dùn lójú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, adùn yẹn ni yóò kù lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bá ti gbàgbé Odérìnlọ́.

Báwo la ṣe máa wá dá ìwé náà lẹ́jọ́? Ohun kan ni mo máa ń wò: ǹjẹ́ ibì kan wà tí obìnrin náà ti lè sọ pé "n kò fẹ́" kí nǹkan kan má ṣe é? Ní ibùdó ogun, kò sí. Gbogbo ẹ̀rín tó rín níbẹ̀, gbogbo omi tó gbé fún ọkùnrin náà, ọgbọ́n àtirí ọjọ́ mìíràn ni. Òǹkọ̀wé ń fẹ́ ká pè é ní ìfẹ́, àmọ́ àwọn ojú ìwé tirẹ̀ ń ta kò ó. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n bi ọmọbìnrin yìí ní orúkọ, irọ́ ló pa. Oríkì rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fetí kó lóru, òun ló ń pè é káàkiri. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò fi lé e lọ́wọ́ títí wọ́n fi kúrò ní ibùdó. Inú mi dùn sí ibẹ̀ gan-an. Obìnrin tí wọ́n ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ wá ohun kan fi pa mọ́.

Lẹ́yìn òru tí Ìbàdàn kọlu ibùdó, ayé yí po. Obìnrin náà ti wà nílé ìyá rẹ̀, ọkùnrin náà ló wà nínú okùn. Ó ti lè sọ pé òun kò fẹ́ o! Ibi tó yẹ kí ìwé náà dúró sí nìyí. Kó dúró pẹ́. Kí obìnrin yẹn jókòó ti ìkòkò aró kó máa rò ó: ṣé ènìyàn yìí ni mo fẹ́, àbí ó ti mọ́ mi lára ni? Kó bínú sí i. Kó fi í sílẹ̀ nínú okùn fún ìwọ̀n ìgbà tí òun náà fi wà níbẹ̀, bó bá wù ú. Òǹkọ̀wé kò fún un láyè. Láàárín ojú ìwé kan ṣoṣo, ó gbọ́ pé wọ́n mú un, ó di owó sínú ìborùn, ó sáré lọ rà á padà.

Ìborùn yẹn gan-an kò ṣeé ṣe. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni ìwé pe owó náà. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ni pé ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, mẹ́wàá jẹ́ 200,000. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó ẹrù orí alágbára kan. Alárù mẹ́wàá ni obìnrin yìí nílò, tí wọn yóò tò gba ìgboro kọjá lójú gbogbo ayé. Bí òǹkọ̀wé bá ti ṣe ìṣirò yẹn, ìtàn rẹ̀ ìbá ti là á já fúnra rẹ̀. Níbo ni ọmọ aláró ti rí 200,000 ẹyọ owó lẹ́yìn ìdótì? Ìyá rẹ̀ ní láti gbà, àwọn ẹbí ní láti dá owó, baálé ní láti béèrè pé ta ni a fẹ́ rà. Obìnrin náà yóò ní láti dúró níwájú ẹbí tí wọ́n jí i gbé láàárín wọn, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí òun fi fẹ́ kí wọ́n tú ẹni tó jí òun sílẹ̀. Ohun tí kò rí bí sọ ní ibùdó, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́, tàbí kí ó ṣàwárí pé kò sí lẹ́nu òun. Ọmọ yunifásítì yẹn ìbá ti rí ìdáhùn tó ń wá.

Síbẹ̀ mi ò bá olùkọ́ wí pé ó sunkún. Nígbà tí okùn já, tí ọkùnrin náà ní òun yóò máa sìn ín bí ìwọ̀fà títí owó yóò fi pé, tí obìnrin yẹn wá wò ó, tó sì sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún un, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì láti lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ìfẹ́ ti wà nínú ìwé náà nìyẹn, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè mú ènìyàn gbàgbé ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ìdajì ìwé tó dára ni, lójú tèmi. Pé ó parí síbi ìgbéyàwó kò ṣe mí ní nǹkan kan; ẹni tó ń ra ìwé ìfẹ́ ń retí kó parí dáadáa, àdéhùn ni.

Fún ìjókòó yín, ẹ má fi ìbéèrè pé ó dára àbí kò dára bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mú ìròyìn wá fún ọmọbìnrin náà pé ọkùnrin yẹn wà nínú okùn ni kí ẹnì kan kà sókè, kí ẹ dánu dúró kó tó nawọ́ sí owó, kí ẹ sì bi oníkálukú pé kí ni ìyá rẹ̀ yóò sọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé bí Bàbá bá ti sọ tán, kò ní lè sọ tirẹ̀ mọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá kan Bàbá, ti Ọ̀ṣun ni kí ẹ bi wọ́n, ẹ má bi wọ́n ní ti Ìlọrin.

Bí ìyá tó kọ ìwé bá gbà láti wá, ẹ jẹ́ kó dé nígbà tí ìjókòó bá ti fẹ́ parí. Ẹnu àwọn èèyàn kì í gbà á lójú òǹkọ̀wé. Kí ẹ bá mi kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ fún un pé kò tíì sí ṣílè ní ọjà Òṣogbo ní 1840. Ó wà níbi tí ìyá ọmọbìnrin náà ti ń ta aṣọ, ní ìbẹ̀rẹ̀. Kó yọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀.